Kéèkì Mángòrò Tí Kò Ní Àlìkámà, àti Ọ̀rọ̀ Kan Tí Mo Túmọ̀ Sódì

Ẹ̀kọ́ méjì ni mo fẹ́ bá yín pín lónìí. Ọ̀kan jẹ́ nípa kéèkì, èkejì jẹ́ nípa ìtumọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé n ó kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni mo ti kọ́ méjèèjì, n kò sì rí bí mo ṣe lè sọ ọ̀kan kí n fi ìkejì sílẹ̀.

Ní ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí. Láti ìgbà tó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ni dókítà ti sọ fún un pé ó ní àìsàn celiac, pé kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tí gluten bá wà nínú rẹ̀. Àwa ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n sì rán mi sí màmá kan tó máa ń ṣe kéèkì ládùúgbò wa. Yorùbá ni màmá náà ń sọ. Wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ gluten rí. Èmi ọmọ Linguistics kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ kì í jẹ fúláwà. Ẹ má fi fúláwà sí i.”

Màmá ní, “Ṣé fúláwà nìkan ni? Ìyẹn ò le, ọmọ mi. N ó bá ẹ ṣe é láìfi fúláwà sí i.”

Wọ́n sì ṣe bí wọ́n ti wí. Kò sí fúláwà nínú kéèkì náà rárá. Sẹ̀mó ni wọ́n fi ṣe é.

Ẹni tó bá ti mọ ohun tí wọ́n fi ń ṣe sẹ̀mó yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Àlìkámà ni. Ọ̀rẹ́ mi jẹ ègé kan péré. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú ti ń run ún, kò sì lè dìde. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi wá sí kíláàsì, ìdánwò àárín sáà kan sì kọjá kó tó padà. Nígbà tí mo lọ bá màmá, wọ́n gbé àpò sẹ̀mó náà jáde, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣebí fúláwà lo ní kí n má lò?” Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ṣe ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe gẹ́lẹ́. Èmi ni mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ sódì. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Èyí tí mo jẹ́ kó bọ́ yìí, inú ọ̀rẹ́ mi ló fọ́ sí.

Kí ni gluten?

Purotéènì méjì kan wà nínú àlìkámà, wọ́n ń jẹ́ glutenin àti gliadin. Bí omi bá kàn wọ́n, tí a sì ń po ìyẹ̀fun náà, wọn a so kọ́ra, wọn a di ohun kan tó ń fà bí rọ́bà. Ohun náà ni gluten. Òun ló ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò fún búrẹ́dì nà láìjá, òun ló sì ń há atẹ́gùn mọ́ inú rẹ̀ tí búrẹ́dì fi ń wú. Bálì àti ráì náà ní irú purotéènì bẹ́ẹ̀.

Bí gluten bá wọ inú ẹni tó ní àìsàn celiac, agbára tó yẹ kó máa gbèjà ara ni yóò yíjú padà, tí yóò máa ba ìfun kékeré jẹ́. Àwọn ohun tín-ín-tín tó wà lára ìfun, tó ń fa èròjà oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, rírù, àárẹ̀ àti àìtó ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí a máa ń rí. A fojú bù ú pé nǹkan bí ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ní àgbáyé ló ní i. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí èèyàn yẹra fún gluten pátápátá, ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Willem Karel Dicke, dókítà àwọn ọmọdé ní ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ fi hàn pé àlìkámà ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé ló ti ń fura. Nígbà ìyàn tó mú ní ilẹ̀ wọn láàárín 1944 sí 1945, búrẹ́dì wọ́n, síbẹ̀ ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí ń yá sí i. Nígbà tí búrẹ́dì padà dé, àìsàn wọn padà dé. Ní 1950, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé àpilẹ̀kọ tó fi gba oyè dókítà.

Díẹ̀ tó lè pa ẹni tó ní celiac lára kéré gan-an. Codex Alimentarius, tí àjọ FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀, sọ pé oúnjẹ tí a bá pè ní èyí tí kò ní gluten kò gbọdọ̀ ní ju 20 mílígíráàmù rẹ̀ lọ nínú kílógíráàmù kan. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ “díẹ̀ ò lè ṣe nǹkan” kò sí nínú èyí. Mo sì ní láti fi kún un pé bí ẹ bá fura sí ara yín, ẹ kọ́kọ́ lọ rí dókítà kí ẹ tó dẹ́kun jíjẹ àlìkámà. Bí èèyàn bá ti dẹ́kun rẹ̀ ṣáájú àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà lè má rí nǹkan kan.

Fúláwà, sẹ̀mó, ọkà: ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú

Kí ló dé tí màmá kò fi ka sẹ̀mó mọ́ fúláwà? Kì í ṣe àìmọ̀kan. Èdè wa ló pín in bẹ́ẹ̀.

Fúláwà jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a yá láti inú Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́nu àwọn tó ni ín, ó lè jẹ́ ti ìrẹsì, ti àgbàdo tàbí ti ẹ̀wà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ìtumọ̀ rẹ̀ sún kì. Ìyẹ̀fun funfun tí a fi ń ṣe búrẹ́dì, pọfù-pọ́fù àti ṣinṣín nìkan ló kù. Orúkọ náà kò dárúkọ àlìkámà, iṣẹ́ tí ìyẹ̀fun náà ń ṣe ló ń sọ. Sẹ̀mó ní tirẹ̀, òkèlè ni. Ẹgbẹ́ iyán, àmàlà àti ẹ̀bà ni a kà á mọ́. Ọkà kan náà ni wọ́n lọ̀ tó di fúláwà àti sẹ̀mó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí a ń gbà jẹ wọ́n ti yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú èdè.

Kì í ṣe àlìkámà nìkan ni a ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Gàrí, láfún àti fùfú, orúkọ mẹ́ta, ohun ọ̀gbìn kan. Kò sí ẹni tó ń wo gàrí tó ń pè é ní ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́. Ìgbà tí oúnjẹ bá ti kúrò lóko, tí a ti rẹ ẹ́, tí a ti yan án tàbí tí a ti lọ̀ ọ́, orúkọ tuntun ló ń gbà. Ètò yìí dára fún ẹni tó fẹ́ se oúnjẹ. Ó léwu fún ẹni tó gbọdọ̀ mọ ohun tí oúnjẹ náà jẹ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ kejì tó lè da èèyàn rú ni “ọkà”. Wọ́n lè sọ fún aláìsàn pé kó má jẹ irú àwọn ọkà kan. Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, àmàlà ni ọkà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè pa àmàlà tì, bẹ́ẹ̀ iṣu ni wọ́n fi ṣe èlùbọ́ rẹ̀, kò sì lè ṣe é ní nǹkan kan. Bákan náà ni ọkà bàbà, tí kò ní gluten. Ohun tó lè jẹ ni yóò sá fún, yóò wá máa fi búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni “búrẹ́dì ẹ̀gẹ́”. Nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, wọ́n fẹ́ kí àwọn tó ń lọ fúláwà máa fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún un. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà lè rò pé ẹ̀gẹ́ nìkan ni. Irú búrẹ́dì tí mò ń sọ yìí, àlìkámà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rántí pé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́ wa ní kéèkì tí kò ní àlìkámà. Àkàrà, ẹ̀wà ni. Mọ́ín-mọ́ín, ẹ̀wà ni. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lọ sí Bahia ní Brazil gbé àkàrà lọ, acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀ títí dòní, ẹ̀wà àti epo pupa náà ni. Nígbà tí kéèkì dé, “àkàrà òyìnbó” ni a pè é. A fún un ní orúkọ oúnjẹ tí kò ní àlìkámà, àlìkámà sì wọlé lábẹ́ orúkọ náà.

Báwo ni ká ṣe túmọ̀ gluten?

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kéèkì ọjọ́ ìbí yẹn, mo gbé ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde, mo ní n ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún gluten. Ọ̀nà mẹ́ta tí a kọ́ ní kíláàsì ni mo tẹ̀ lé.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni àyálò. Ká pè é ní “gúlútẹ́ẹ̀nì”. Ó rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ gluten kò ní mọ gúlútẹ́ẹ̀nì. Ọ̀nà kejì ni ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Ohun tó ń fà ni gluten, mo wá gbìyànjú láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ láti ara “fà”. Mo kọ “ìfà”. Ìfà ti wà tẹ́lẹ̀, ohun tí èèyàn rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Mo yí i sí “ẹ̀fà”, ó di iye tó tẹ̀ lé àrún. Ọ̀nà kẹta ni àpèjúwe: “èròjà tó ń fà bíi rọ́bà nínú àlìkámà”. Èyí sàn jù, ó sì dára fún ìwé bíi èyí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ fún màmá, kí ni wọn yóò ṣe? Wọn yóò máa wá ohun tó ń fà. Iyán ń fà, ilá ń fà, kò sì sí gluten nínú èyíkéyìí nínú wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìbéèrè tí mò ń bi ara mi kò tọ̀nà. Màmá kò nílò orúkọ èròjà. Wọ́n nílò orúkọ ohun ọ̀gbìn. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, oko ló sì yẹ kí n wò kí n tó sọ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì ti wà lẹ́nu wa tipẹ́: àlìkámà. Ó wọlé láti inú Haúsá, alkama, tí Haúsá sì yá láti inú Lárúbáwá, al-qamḥ. “Àlì” tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ ẹnì kan o, “al” inú Lárúbáwá ni. Àwọn tó ń ka Bíbélì Yorùbá mọ̀ ọ́n, àwọn tó ń bá ará òkè ọya ṣòwò mọ̀ ọ́n. Màmá náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní, “Àlìkámà kẹ̀? Bó o bá ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ní fọwọ́ kan sẹ̀mó.”

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbẹnu sọ fún ẹni tó ní celiac, ẹ sọ ọ́ báyìí: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ àlìkámà. Kò gbọdọ̀ jẹ fúláwà, kò gbọdọ̀ jẹ sẹ̀mó, kò gbọdọ̀ jẹ ohunkóhun tí wọ́n fi àlìkámà, bálì tàbí ráì ṣe. Bí díẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, àìsàn ni.” Gbólóhùn náà gùn, mo mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lórí ibùsùn gùn jù ú lọ.

Àwọn ibi tí àlìkámà tàbí bálì tún máa ń wà tí a kì í fura sí ni: núdùlù, sùpàgẹ́tì, makaróní, kúsìkúsì, sọ́yà sọ́ọ̀sì, àti àwọn ohun mímu mọ́ọ̀tì tí wọ́n fi bálì ṣe. Béékín páúdà pàápàá, ẹ ka ara agolo rẹ̀, nítorí wọ́n lè fi sítáàṣì àlìkámà kún un.

Èso wo, ní ìgbà wo?

Bí ẹ bá wo ìlànà kéèkì lédè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó rí i pé wọ́n máa ń ní kí a lo èso ìgbà “summer”. A máa ń túmọ̀ summer sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Summer ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bí a bá túmọ̀ èso summer sí èso ẹ̀ẹ̀rùn, agbálùmọ̀ la máa gbé wá, nítorí òun ló ń pọ̀ lọ́jà láti oṣù kejìlá sí oṣù kẹta.

Ìlànà náà kò bìkítà fún orúkọ ìgbà. Ohun tó ń wá ni èso tó pọ̀, tó dùn, tí owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, mángòrò ni, láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń lọ tí òjò ń dé. Ẹ wá èyí tí ẹran rẹ̀ pọ̀, bí irú èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Èyí tó máa ń há sí eyín, ẹ mu ún lásán, ẹ má fi ṣe kéèkì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ wà ní London tàbí Manchester, ẹ lè fi píìsì tàbí sitirọ́bẹ́rì rọ́pò rẹ̀ ní oṣù keje. Iṣẹ́ kan náà ni, ohun tí mo bá sì sọ nípa omi inú mángòrò kan àwọn náà.

Àwọn ohun èlò

Fún páànù kéèkì kan tó fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà:

- Ìyẹ̀fun ìrẹsì tó kúnná, 160 gíráàmù
- Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ (kì í ṣe láfún), 90 gíráàmù
- Béékín páúdà, ṣíbí ìmu-tíì méjì ààbọ̀
- Iyọ̀, ìdajì ṣíbí ìmu-tíì
- Ẹyin mẹ́rin
- Ṣúgà, 150 gíráàmù
- Bọ́tà, 125 gíráàmù
- Mángòrò ńlá mẹ́ta tó pọ́n ṣùgbọ́n tí kò tíì rọ̀ jù
- Omi ọsàn wẹ́wẹ́, ṣíbí ìmu-tíì méjì
- Omi, 80 mílílítà

Ọ̀rọ̀ kan lórí ìyẹ̀fun ìrẹsì. Bí ẹ bá gbé ìrẹsì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lọ nǹkan, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n lọ̀ ṣáájú. Bó bá jẹ́ àlìkámà, ìyẹ̀fun rẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀rọ náà, yóò sì bọ́ sínú tiyín. Ó sàn kí ẹ fi bìlẹ́ńdà ilé lọ̀ ọ́. Ẹ ṣan ìrẹsì, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí kò bá kúnná yóò máa dún bí iyanrìn lẹ́nu. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀, ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣe, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá. Ẹ má fi ẹ̀gẹ́ tútù ṣe é fúnra yín, nítorí májèlé wà nínú àwọn ẹ̀gẹ́ kan bí a kò bá ṣe é bó ṣe yẹ.

Bí a ṣe ń ṣe é

1. Ẹ bẹ èèpo mángòrò méjì, ẹ gé ẹran wọn, ẹ fi bìlẹ́ńdà lọ̀ ọ́. Ẹ dà á sínú ìkòkò, ẹ gbé e sórí iná díẹ̀, kí ẹ máa rò ó títí tí omi rẹ̀ yóò fi fà, tí yóò sì ki. Èyí tí ẹ nílò kò ju 120 gíráàmù lọ. Ẹ fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kó tutù.

2. Ẹ bu ṣíbí ìjẹun méjì nínú ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti wọ̀n. Ẹ pò ó mọ́ 80 mílílítà omi, ẹ gbé e sórí iná díẹ̀, ẹ máa rò ó títí tí yóò fi di bí ògì tó ki, tó ń dán. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ohun tó máa ṣe iṣẹ́ gluten nìyí. Òun àti ẹyin ni yóò so kéèkì pọ̀, tí kò fi ní máa rún.

3. Ẹ da ìyẹ̀fun ìrẹsì, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó kù, béékín páúdà àti iyọ̀ pọ̀, kí ẹ sì fi asẹ́ jọ̀ wọ́n.

4. Ẹ lu bọ́tà àti ṣúgà pọ̀ títí yóò fi funfun, tí yóò sì fúyẹ́. Ẹ máa fọ́ ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa lù ú.

5. Ẹ fi ògì ẹ̀gẹ́ àti mángòrò tí ẹ ti sè sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ da ìyẹ̀fun sí i, kí ẹ rò ó pọ̀. Nínú kéèkì fúláwà, wọ́n máa ń kìlọ̀ pé ká má rò ó jù, kí gluten má baà le. Níbí, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí gluten tó máa le.

6. Ẹ bò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Ìyẹ̀fun ìrẹsì kì í tètè mu omi. Bí ẹ kò bá dúró, kéèkì yín yóò dà bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀.

7. Ẹ gé mángòrò kẹta wẹ́wẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ fa omi ara rẹ̀, ẹ wọ́n ìyẹ̀fun ìrẹsì díẹ̀ sí i lára. Ẹ da àdàlù kéèkì sínú páànù tí ẹ ti fi bọ́tà pa, kí ẹ tẹ́ mángòrò náà sórí rẹ̀.

8. Ẹ yan án nínú ààrò, ní ìwọ̀n ooru 170 ti Celsius, fún nǹkan bí àádọ́ta sí ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Bí ìtayín tí ẹ fi gún àárín rẹ̀ bá jáde ní gbígbẹ, ó ti jinná. Ẹ fi sílẹ̀ nínú páànù fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ má sì gé e títí yóò fi tutù. Bó bá ṣì gbóná, fífọ́ ni yóò fọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní ààrò, ìkòkò àti iyanrìn yóò ṣe é. Ẹ da iyanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá tó nípọn, kó jìn tó ìka méjì. Ẹ to òkúta kéékèèké mẹ́ta lé e, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó gbóná fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ wá gbé páànù lé òkúta náà, ẹ dín iná kù, ẹ dé e padà. Ó máa ń pẹ́ ju ti ààrò lọ, ó lè tó wákàtí kan àti díẹ̀. Ẹ má máa ṣí i wò ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é

Ní ìgbà àkọ́kọ́, n kò se mángòrò rárá. Bí mo ṣe lọ̀ ọ́ tán ni mo dà á sí i. Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran mángòrò. Kéèkì náà wú, ó wá rì láàárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì dà bí mọ́ín-mọ́ín tí kò jinná. Ní ìgbà kejì, ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ ò sí, mo bá lo láfún. Ẹ̀gẹ́ kan náà kọ́ ni wọ́n? Ẹ̀gẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti rẹ láfún fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó gbẹ, kíkan rẹ̀ sì bo mángòrò mọ́lẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ètò orúkọ tí mo ti ń bá jà láti òkè ló jàre: láfún àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ohun kan náà nínú kéèkì. Ẹni tó fẹ́ se nǹkan nílò orúkọ oúnjẹ, ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ láìkú nílò orúkọ ohun ọ̀gbìn. Méjèèjì la gbọ́dọ̀ mọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ló dára. Ọdún ti yípo, ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi ti tún pé. Mo gbé e lọ bá a ní yàrá rẹ̀. Kò mú ọ̀bẹ. Ó wò mí, ó ní, “Kí ló wà nínú ẹ̀?”

Mo dárúkọ gbogbo rẹ̀ fún un, ohun ọ̀gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìrẹsì, ẹ̀gẹ́, ìrèké tí wọ́n fi ṣe ṣúgà, mángòrò, ọsàn wẹ́wẹ́. Mo fi ẹyin, bọ́tà àti iyọ̀ kún un. Mo fi agolo béékín páúdà hàn án, ó kà á. Mo sọ fún un pé bìlẹ́ńdà ilé ni mo fi lọ ìrẹsì. Ó tún bi mí pé ta ló ni páànù, mo ní tuntun ni. Ìgbà náà ló tó gé e. Ó jẹ ègé méjì, èmi sì wà lójúfò títí di òru, tí mo ń wo fóònù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá a ní kíláàsì, ó ti jókòó kí n tó dé, ó sì ní ṣé ó ṣẹ́kù.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Kí ni wọ́n ń pe àlìkámà ní ẹ̀ka èdè tiyín? Kí ni “ọkà” túmọ̀ sí níbẹ̀? Ẹ bi àgbà méjì.
2. Ẹ mú oúnjẹ márùn-ún nínú yàrá yín, ẹ ka ara ọ̀rá wọn, kí ẹ kọ ohun ọ̀gbìn tí wọ́n fi ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀.
3. Ẹnì kan wà tí ẹ̀pà lè pa. Ó bi ẹni tó ń ta oúnjẹ pé, “Ṣé ẹ̀pà wà nínú rẹ̀?” Wọ́n ní, “Rárá, òróró nìkan ni.” Níbo ni ewu wà nínú ìdáhùn yìí? Ẹ tún ìbéèrè náà kọ.